Mo Pọ̀n Omi

Nílé wa l'Ókè-Igbó, ṣe ni a máa ń pọn omi:
korobá lórí, òṣùká lábẹ́ korobá,
omi á máa ta sí wa lójú títí a ó fi délé.
Àbújá ni mo dé kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń pọ̀n ọ́n.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohùn ni mo yí, n kò purọ́.
Mo pọ̀n omi bí ẹni pọ̀n ọmọ:
okùn méjì léjìká, ọ̀kan láyà,
rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ apá mi
bí ìwọ́ tí wọn kò tíì gé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní Wuse, ojú ló fà mí.
Lítà mẹ́ta! Mo ní òǹgbẹ kò tún ní mọ ilé mi mọ́.
Ọmọkùnrin tó tà á kò bi mí pé ibo lò ń lọ,
èmi náà kò bi ẹ̀yìn mi pé mélòó lo lè gbé.
Kí n tó ti Kubwa dé Dutse, okùn ti na èjìká mi bí ẹgba;
mo bá fẹ́ yà sósì, omi á ní ọ̀tún lòun ń lọ.
Adùn rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹni ń lá táyà.

Ládiípọ̀, tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí n tó mọ bíréèkì,
ló wò mí, tó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀yìn ẹni là á wọ̀n, a kì í wọn òǹgbẹ."
Lítà kan àbọ̀ tó ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́.
Bó bá jẹ́ òkè ni, tí oòrùn ń yan àpáta, kó di méjì.
Kí ìbàdí bá èjìká gbé e.
Kí ẹnu àpò gba ọwọ́ rẹ,
torí ibi tí ọwọ́ kò bá wọ̀, kàn-ìn-kàn-ìn kò lè dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí.
Mo rọ zobo sínú rẹ̀ rí, lọ́dún iléyá kan,
mo gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fọ́jọ́ mẹ́sàn-án.
Nígbà tí mo ṣí i, nǹkan dúdú kan ti ń gbébẹ̀.
Ó ní irun.
Láti ìgbà náà, omi lásán ni.
Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo ń fi í kọ́ sórí okùn aṣọ,
ṣíbí onígi láàrin, kí inú rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ra.
Àwọn ará ilé rò pé àpò ìtọ̀ màlúù ni.

Ọyẹ́ là ń lọ sí Ushafa lọ́jọ́ náà.
Eruku pupa bo ẹnu ike omi Ládiípọ̀;
èmi kàn tẹ orí, mo fi eyín di rọ́bà mú, mo fà á,
ọwọ́ mi kò kúrò lórí kẹ̀kẹ́.
A fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, a gun òkè.

Ìyá Gwari kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀,
ìdì igi léjìká rẹ̀, ọrùn rẹ̀ nàró, kò mí hẹlẹ.
Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó béèrè ní Hausa pé
ọmọ ọjọ́ mélòó ni, tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀ báyìí?
Mo ní omi ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí igi fi fẹ́ bọ́ lára rẹ̀,
ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.
Mo tẹ ẹnu rọ́bà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde gbóná,
oòrùn ti sè é nínú rọ́bà; ó dà á nù.
Ó mu èyí tó tẹ̀lé e, ó tún tẹ́wọ́.

Ohun kan tí kò dára lára omi ẹ̀yìn:
kì í sọ iye tó kù.
Nígbà tí mo dé orí àpáta, mo fà á, afẹ́fẹ́ ló dáhùn.
Ládiípọ̀ na ike eléruku rẹ̀ sí mi, kò sọ̀rọ̀.
Mo mu ún teruku-teruku.

Alẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tú okùn àyà, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Ibi tó sùn sí lẹ́yìn mi ṣì tutù.